Wọ́n ní kí n ṣe igbákejì torí pé obìnrin ni mí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ Ìsánlú ni mí, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, social work ni mò ń kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹ́ kí n du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní igbákejì ààrẹ ni kí n gbà, pé ti obìnrin nìyẹn. Bàbá mi ní kí n jáwọ́ nínú méjèèjì. Wọ́n ní òṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ á ba orúkọ mi jẹ́, pé social work kì í ṣe iṣẹ́, ohun tí àwọn ìyá ìjọ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ṣé méjèèjì lè bá ara wọn lọ, Mà? Ṣé wọ́n lè gbé mi débì kan?

Ìdáhùn: Òkun o, ọmọ mi. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn, torí àwọn ló ń san owó ilé-ìwé.

Bàbá, ẹ kú ilé, ẹ kú oko. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń bọ̀. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommie Titcombe ti gbé ẹ̀sìn àti ìwé wọ ilẹ̀ Yàgbà ní 1908, ohun tí àwọn òbí wa ń ta iṣu, kòkó àti kọfí fún ni pé kí ọmọ di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Ẹni tó fi owó kọfí rán ọmọ nílé-ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè orúkọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ń kọ́. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún èyí ni kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ pè é ní wẹ́fíà bí gbogbo ìlú ti ń pè é, ẹ ó rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọ̀dọ̀ ta ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ ọmọ máa ń fẹjọ́ sùn sí, tí kò bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá? Wẹ́fíà ni. Bí tọkọtaya bá tú ká, tí oníkálukú ń fa ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ra, wẹ́fíà ló ń lọ wo ilé méjèèjì: ibi tí ọmọ á sùn, ẹni tí á máa wò ó tí ìyá bá lọ sọ́jà. Ọmọ tuntun tí wọ́n gbé jù sẹ́yìn ilé-ìwòsàn, ọmọdé tó jalè tí kò yẹ kó bá àwọn àgbà sun àtìmọ́lé, ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin, arúgbó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó tí wọn ò bojú wẹ̀yìn: orí tábìlì yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Òfin ló sì fi wọ́n síbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ó sì ṣètò kóòtù ìdílé fún ọ̀rọ̀ wọn. Adájọ́ kóòtù yẹn kò lè fojú ara rẹ̀ lọ wo yàrá tí ọmọ ń sùn. Ìròyìn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló máa ń kà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìwà ipá ka fífìyà jẹ opó léèwọ̀. Nígbà tí wọ́n tún òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe ní 2019, wọ́n fi apá kan kún un fún àwọn tí á jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn láàárín ìlú, láìwọ ẹ̀wọ̀n. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Ìyá ìjọ lè gbé ìrẹsì lọ fún opó, Ọlọ́run á sì san án fún wọn. Àmọ́ kí ìyá ìjọ dìde ní kóòtù kí wọ́n ní ilé báyìí kò yẹ ọmọ, kí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí amòye, ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Ní ti owó, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó ní dígírì, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 08 ló fi ń wọ iṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ka ọrọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ ìṣèlú ń gbà wọlé. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn fi ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní kíákíá. Èmi ṣe é ní ọdún márùndínlógójì, mo tọ́ ọmọ mẹ́rin, ilé tí mo kọ́ sí Kàbà kò ní gèréèjì.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ẹnì kan tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín, kí n tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, tí wọ́n bí ní 1951. Aṣọ híhun àti àdìrẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, yunifásítì kọ́ ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti Òṣogbo ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbé e padà wá sí Ògìdì. Ní 2000, ìjọba Ítálì pè é kó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí nǹkan ti dojú rú fún lọ́hùn-ún níṣẹ́ tí wọ́n lè fi jẹun. Wẹ́fíà ni mo pe ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fún un ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kankan.

Ọmọ mi, ìwọ ló kàn.

Ọ̀rọ̀ igbákejì yẹn ti pẹ́ ju ìwọ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gíga wa, wọ́n ti ya ipò yẹn sọ́tọ̀ fún obìnrin láìkọ ọ́ sínú ìwé kankan. Fọ́tò rẹ á wà lórí pósítà. Tí àlejò bá dé, ìwọ ni wọ́n á ní kó gbé omi wá. Tí ààrẹ bá rìnrìn àjò, akọ̀wé àgbà ni wọ́n á pè láti darí ìpàdé, wọ́n á ní àwọn ò rí ọ. Mi ò ní kí o má gbà á o. Mo mọ obìnrin méjì tí wọ́n gba ipò náà tí wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o lọ ka ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Bí ohun tó wà níwájú igbákejì bá jẹ́ gbólóhùn kan péré, pé yóò máa ran ààrẹ lọ́wọ́, àga lásán ni wọ́n gbé fún ọ. Bó bá ní ìgbìmọ̀ tó ń darí, tó ní owó tí kò lè jáde láìsí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Tí èmi bá jẹ́ ìwọ, ààrẹ ni màá dù, tàbí akọ̀wé wẹ́fíà. Àwọn èèyàn máa ń fojú kékeré wo akọ̀wé wẹ́fíà nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọ̀rọ̀ ìjà nìkan ni. NUNS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, kí ló gbé e kojú ìjọba ológun ní 1978? Owó oúnjẹ ni: àádọ́ta kọ́bọ̀ tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ òòjọ́. “Ali Must Go” tí gbogbo ayé ń kọ nígbà náà, orí oúnjẹ ló ti ṣẹ̀. (Dókítà Ahmadu Ali tí wọ́n ń lé yẹn, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ọmọ Kogi wa yìí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Benue ni ọ̀dọ̀ tiwọn ń jẹ́ nígbà náà, tí àwa ń jẹ́ Kwara.) Wọ́n fòfin de NUNS, wọ́n lé Segun Okeowo tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé. Kò parẹ́ o. Olùkọ́ ló padà dà, ó sì darí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1980 ni NANS rọ́pò NUNS.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí mi ò tíì kọ síbì kan rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 yẹn, èmi ni akọ̀wé wẹ́fíà ní ilé-ìwé tí mo lọ. Ọmọbìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó lóyún, ẹni tó fún un lóyún ti na pápá bora, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé sì ti bá ilé-ìwòsàn lọ. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọjọ́ kẹta a ṣe ìpàdé gbogbogbòò, mo bá dìde sọ̀rọ̀. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Mo kàn ní ọmọ ọdún kẹta kan wà ní họ́sítẹ́lì wa, ní àjà kejì, tó ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwa sì ń jẹun tí a ń sùn. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú àwọn kan. Wọ́n gbé bókẹ́ẹ̀tì yí ká, owó kún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo họ́sítẹ́lì ti mọ ẹni tí mò ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé owó náà lọ, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ó ti di ẹrù rẹ̀ ní ìdájí. Kò padà wá mọ́. Owó yẹn wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ẹni tí mo fi rán sí ìlú rẹ̀. Wọ́n dá a padà fún mi. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo du ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé mi sí èjìká tí wọ́n ń jó yí ká, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé yẹn ni wọ́n fi ń kọrin.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti lè ta ko ara wọn nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ó yé ọ kí o tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Òṣèlú á máa tì ọ́ pé kí o gbé ìṣòro èèyàn síta níbi tí ojú pọ̀ sí. Wẹ́fíà ń fẹ́ kí o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè tú u, kí ẹni tó ni ín sì tún lè gba àárín ọjà kọjá lọ́la. Mi ò gbàgbọ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá ọ, bi í léèrè lójú ẹsẹ̀: ta ni o fẹ́ kó gbọ́, ta ni o kò fẹ́ kó gbọ́? Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, tí o sì rí i pé ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ọmọdé wà nínú ewu, sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé o máa sọ fún ẹni báyìí, nítorí báyìí, kí o tó lọ sọ. Bí ó tilẹ̀ bínú, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan ní Bùnú lórí ọ̀rọ̀ opó tí àwọn àbúrò ọkọ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ẹ̀pà ló bu fún mi, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà kejì, ọ̀rọ̀ òjò ni a sọ. Ìgbà kẹta ló ní kí n bá òun dé oko, ibẹ̀ ló ti là á yé mi, níbi tí etí ẹnikẹ́ni kò lè dé. Èmi ti àtijọ́ ì bá ti gbé e dé ojú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí nìkan ni mo lọ, lẹ́ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò rí gbogbo oko gbà padà o. Apá tó wà lẹ́bàá odò ni wọ́n fún un, pẹ̀lú àwọn igi kòkó tó wà níbẹ̀. Ó ṣì ń ká kòkó rẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀rù bàbá rẹ lórí orúkọ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn olóṣèlú á wá bá yín, pàápàá tí ìdìbò bá ń sún mọ́lé. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ran ọmọ Òkun lọ́wọ́, wọ́n á gbé ìrẹsì àti aṣọ tó ní fọ́tò wọn wá. Mi ò sọ pé kí ẹ lé wọn. Owó tí wọ́n bá mú wá, àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí ó wọ̀. Ẹ kọ risíìtì, ẹ lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ risíìtì, má gbà á. Ìpàdé òru ní òtẹ́ẹ̀lì, má lọ. Sọ pé ọ̀sán ni o máa ń ṣèpàdé, nínú ọgbà ilé-ìwé, kí obìnrin mìíràn sì wà níbẹ̀. Tí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ní òun á fi ìbò gbè ọ́, fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ìyẹn kò lọ́rọ̀ kankan nínú.

Iṣẹ́ tó wà fún ọ pọ̀ ju èyí tí ọjọ́ méje tó wà lọ́sẹ̀ lè gbà lọ. Mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ bí àpẹẹrẹ. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣí ojúlé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2024. Owó náà kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sin ìlú tán ni sísan rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní fóònù tó dára, tí orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò bá ti JAMB mu, ta ni á jókòó tì í títí á fi parí rẹ̀? Ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé. Nígbà tí àkúnya omi ba Lọ́kọ́ja jẹ́ ní 2012, tó tún dé ní 2022, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí. Ohun tí a wá kiri jù ní 2012 kọ́ ni ìrẹsì. Àwọn ọ̀dọ́ tó lè fi ìwé àti bírò lọ láti yàrá dé yàrá la wá: aboyún mélòó, ta ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti bá omi lọ, ọmọ wo ni kò rí ìyá rẹ̀, níbo ni àwọn obìnrin á ti wẹ̀ tí ọkùnrin ò ní máa yọjú. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá pẹ̀lú báńà ńlá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò ní báńà dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ṣì mọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ra ìwé kan tó nípọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá bá ọ, kọ ọjọ́, nọ́ńbà dípò orúkọ, ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, ohun tí o ṣe, ibi tó já sí. Kọ èyí tí kò yanjú náà. Tì í mọ́ inú àpótí. Fáìlì wẹ́fíà nìyẹn, ohun kan náà tí wọ́n á kọ́ ọ ní ọdún kẹta. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá wí pé òun jẹ́ ààrẹ, a máa ń kí i. Ẹni tó bá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógójì wá bá òun, pé mọ́kàndínlógún kò yanjú, kí ló sì fà á, òun la máa ń fún ní omi mu kí ó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn dígírì, ìsìnlú. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ́ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà tàbí ilé-ìwòsàn, má dúró kí wọ́n sọ ọ́ sí kíláàsì. Ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, irú ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ka kan wà tó ń rí sí aláìsàn tí kò lówó, ọmọ tí wọ́n gbé jù, ẹni tí àwọn ará ilé kò wá gbé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ń gbà wọ́n, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ń gbà wọ́n, owó tiwọn sì máa ń dára jù, ṣùgbọ́n ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún èèyàn. Wọlé sí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti Nàìjíríà nígbà tí o ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, gba ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ka iṣẹ́ ààrẹ, ti igbákejì àti ti wẹ́fíà, kí o ya fọ́tò ojú ewé wọn ránṣẹ́ sí mi. A ó jọ wò ó. Bá mi kí Bàbá. Sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní nǹkan ṣe ní sẹkitéríàtì lókàlì n'Ísánlú, kí wọ́n yà sí ẹnu ọ́fíìsì wẹ́fíà láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí wọ́n ka iye èèyàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kí wọ́n má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó gbé e wá.